Kí Ọwọ́ Rẹ Tó Kan Ara Oníbàárà

Àbúrò mi, Mọ̀mí ti sọ fún mi pé o ti gba yàrá kan ní Bódìjà, pé bẹ́ẹ̀dì ti dé, pé ó ku kí wọ́n kan pátákó orúkọ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Inú mi dùn débi pé oorun dá lójú mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fi wíwọ́ ara jẹun, láti orí ẹní tí mo tẹ́ sí pálọ̀ títí dé yàrá méjì tí mo ní báyìí. Bí a ṣe ń tẹ èjìká, bí a ṣe ń tú iṣan ẹ̀yìn tó le, wọ́n ti kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ èmi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ni mo fẹ́ jókòó tì ọ́ sọ: ìdajì wákàtí tó ṣáájú kí ọwọ́ tó kan ara. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Ibẹ̀ náà ni Ọlọ́run ti lò mí láti gba ẹ̀mí ẹnì kan là.

O rántí bí ìyá wa àgbà ṣe máa ń wẹ ọmọ tuntun. Kò ní gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ dán omi wò. Á ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí ọmọ lára, á bọ́ òrùka sínú àwo, á fi òrí sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á sì máa fi wọ́n ra ara wọn títí òrí á fi yọ́ tí ọwọ́ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan ọmọ. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní màsáàjì nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí olùkọ́ tó mọ ìpalẹ̀mọ́ jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Fi oníbàárà jókòó lórí àga, pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn rẹ̀, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀. Má dúró dìgbà tó bá ti dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ti bọ́ṣọ, kí o tètè bẹ̀rẹ̀ ló ń wù ú. Ohunkóhun tí o bá bi í, "kò séwu" ni yóò máa wí. Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè sì ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ àwa Yorùbá. Tí o bá bi ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún pé, "Mà, ṣé ẹ ní àìsàn kankan?" á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mi ò láìsàn." Kò parọ́ fún ọ o. Kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn mọ́ra ni. Ṣùgbọ́n bi í pé, "Mà, oògùn wo lẹ máa ń lò láràárọ̀?" Á ṣí báàgì, á máa kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ, ti orúnkún, àti èyí tí wọ́n ní kó máa lò kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì. Tí o bá rí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, rọra. Bí o bá tẹ ẹni tó ń lò ó líle, ẹ̀jẹ̀ lè da sí abẹ́ awọ, kí ara rẹ̀ sì dúdú bí ẹni tí wọ́n lù.

Béèrè bóyá wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láìpẹ́, bóyá ó ṣubú, bóyá ó rìnrìn àjò jíjìn, bóyá oyún wà nínú rẹ̀, àti ibi tí kò bá fẹ́ kí o fọwọ́ kàn. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ó buwọ́ lù ú, kí o sì tọ́jú ìwé náà síbi tí ojú ẹlòmíràn kò ní tó, nítorí àṣírí ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí òǹkà rẹ̀ bá ti dé 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, kí ó jókòó sinmi díẹ̀, kí o tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, ilé ìwòsàn ló ń lọ lọ́jọ́ náà.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìrìn àjò. Ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, obìnrin kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé wá bá mi ní ọjọ́ kẹta tó dé. Ó ní ẹsẹ̀ òsì ń ro òun, pé ìjókòó inú ọkọ̀ òfurufú ló fà á, kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ó lè tú. Mo ní kí ó ká ìró rẹ̀ sókè, mo sì wo ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun òsì ti wú ju ti ọ̀tún lọ, ó le, ó sì gbóná nígbà tí mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́. Mo bi í léèrè oògùn, ó ní èyí tí òun fi ń fètò sọ́mọ bíbí nìkan ni, oníhóró. Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Àǹtí mi, n kò ní tẹ ẹsẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà nísinsìnyí." Ó bínú. Ó ní ṣé owó òun ni n kò fẹ́ gbà ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n yàwòrán ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan tó wà nísàlẹ̀ ẹran.

Ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ yẹn, bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó lè já kúrò lójú rẹ̀, kí ó bá iṣan gòkè lọ sí ọkàn, kí ó sì gba ibẹ̀ lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè pa ènìyàn kíákíá. Ẹni tó jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyá ọmọ tuntun, ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, àwọn tó ń lo irú oògùn tí obìnrin yẹn ń lò, gbogbo wọn ni kí o wo ẹsẹ̀ wọn kí o tó fi òróró kàn wọ́n. Ẹsẹ̀ kan tó wú, tó ń ro, tó sì gbóná ju èkejì lọ: má wọ́ ọ, má ra á, má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Bí èémí bá tún ń gùn ún tàbí àyà ń dùn ún, má jẹ́ kí ó dá nìkan kúrò níwájú rẹ.

Ti aboyún ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọn yóò gbé wọn wá bá ọ. Ẹnì kan á ní ọmọ òun dábùú nínú, kí o bá òun fọwọ́ yí i. Òmíràn á ní ìyá ọkọ òun ló ní kí wọ́n bá òun wọ́ ikùn kí ìbí lè rọrùn. Àbúrò mi, má dá a láṣà. Ikùn aboyún kì í ṣe ibi tí a ń tẹ̀. Ibi ọmọ lè tú kúrò lára ilé ọmọ, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ya nínú láìsí ẹni tó rí i, ìyá àti ọmọ á sì wà nínú ewu kí ẹ tó dé ẹnu géètì. Bí ọmọ bá dábùú, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni kí ó lọ bá. Ẹ̀yìn, èjìká àti ọwọ́ aboyún ni kí o fi pẹ̀lẹ́ ṣe, lẹ́yìn tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ti ní kò séwu. Fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, òsì ló dára jù, kí o fi ìrọ̀rí kan sáàárín orúnkún méjèèjì, kí òmíràn gbé ikùn. Láti bí oṣù karùn-ún, má jẹ́ kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja fún ìgbà pípẹ́, nítorí ilé ọmọ tó ti wúwo á máa tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, òòyì á sì máa kọ́ ọ. Bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá ṣàdédé wú, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti ru. Ọjọ́ ilé ìwòsàn nìyẹn.

Wàyí o, mo ní láti jẹ́wọ́ fún ọ. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, bàbá kan wá ṣe òkúta gbígbóná lọ́dọ̀ mi. Mo to òkúta sí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, mo sì lọ sídìí èjìká. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé kò gbóná jù?" Wọ́n ní ó dára, pé àwọn ò tiẹ̀ mọ ohunkóhun lára. Èmi rò pé ìyìn ni. Nígbà tí mo gbé òkúta kúrò, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ti lé ròrò. Àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wọn láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì béèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń bá wọn lọ ibi tí wọ́n ti ń di egbò náà, fún oṣù méjì ó lé, títí tó fi jiná. Bàbá kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n gbàgbé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, má fi ooru sí ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà, inú ọrùn ọwọ́ rẹ ni kí o ti kọ́kọ́ dán òkúta tàbí aṣọ gbígbóná wò, kí o sì ní ohun tí a fi ń wọn ooru omi. Omi tó bá ti dé ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè jó awọ àgbàlagbà láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Má sì jẹ́ kí òkúta dúró sójú kan lára ènìyàn, máa fi ṣiṣẹ́ ni.

Ẹlẹ́jẹ̀ SS, òtútù ni ọ̀tá tirẹ̀. Pa ẹ̀rọ amúlétutù kí ó tó wọlé, fi aṣọ tó nípọn bò ó, má sì fọwọ́ kàn án bí ìrora bá ti dé sí i lára. Ẹni tí ibà ń ṣe, kí ó lọ sinmi. Làpálàpá, kúrúnà, eéwo, ọgbẹ́ tí kò tíì jiná: fi ọgbọ́n sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Àwọn tó ń fi ìpara bó ara, awọ wọn ti fẹ́lẹ́, ó tètè ń bó, ó sì tètè ń dáranjẹ̀; òróró lásán ni kí o lò fún wọn, láìsí ìpara tó ń ta ni lára bíi Aboniki tàbí Robb. Òróró pàápàá, béèrè kí o tó lò ó. Ara ẹlòmíràn kò gba ẹ̀pà, ti ẹlòmíràn kò gba àgbọn. Fi díẹ̀ pa á ní inú ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sì wò ó, lọ́jọ́ kan ṣáájú bó bá ṣeé ṣe.

Ó yá, ká wọ inú yàrá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀. Ìwọ náà mọ bí iná ṣe rí. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní májèlé kan nínú tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Ẹni tó bá ń fà á símú, orí á máa fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ á wọ̀, oorun á sì gbé e lọ. Ronú sí i dáadáa: oníbàárà tí màsáàjì ti mú sùn àti oníbàárà tí èéfín ń pa lọ, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ lójú. Yàrá tiwa sì rèé, a ti ti fèrèsé, a ti fa kọ́tìnnì kí ojú má baà wọlé. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé rẹ, ìbáà ṣe tìrẹ, ìbáà ṣe ti ilé ìṣerunlóge tó wà níwájú. Kí ó jìnnà tó mítà mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí yàrá. Bí orí bá ń fọ́ ìwọ àti oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, má jókòó máa wá Panadol kiri. Ẹ jáde síta. Èmi ti ra fáànù àti iná tó ń lo bátìrì, n kì í tan jẹnẹrétọ̀ mọ́ bí ènìyàn bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àbẹ́là rẹwà, ṣùgbọ́n òróró, kọ́tìnnì àti iná kò yẹ kí wọ́n jọ gbé yàrá kan. Tùràrí náà, béèrè bóyá oníbàárà ní ikọ́ fée kí o tó tàn án.

Táwẹ̀lì tó ti mu òróró, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí o fi fọ̀ ọ́, kí o sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dénú. Bí òróró bá ṣẹ́kù lára rẹ̀, tí o sì kó wọn jọ gègèrè nígbà tí wọ́n ṣì gbóná láti inú ẹ̀rọ agbáṣọgbẹ tàbí abẹ́ áyọ́ọ̀nù, wọ́n lè gbiná fúnra wọn. Hypo ni kí o fi nu ojú bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí o bu omi là á bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Má ṣe pò ó mọ́ oògùn ilé ìyàgbẹ́ tàbí ọtí kíkan láé, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Òrí tàbí àdín àgbọn, ṣíbí ni kí o fi bù ú sínú àwo kékeré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kù sínú àwo, kò padà sínú ìkòkò mọ́.

Bẹ́ẹ̀dì náà, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ gùn ún. Mì í, wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti há dáadáa, kí o sì mọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Bí o bá dúró tì í tí o jẹ́ kí ọwọ́ rẹ wálẹ̀ gbọọrọ, oríkèé ìka tí o bá di ìkúùkù ni kí ojú rẹ̀ bá dọ́gba. Bí ó bá relẹ̀ jù, ẹ̀yìn ìwọ fúnra rẹ ló máa kọ́kọ́ lọ. Fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀, àti sábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó dojú bolẹ̀. Gé èékánná rẹ, bọ́ òrùka, fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, kí oníbàárà sì rí ọ bí o ti ń fọ̀ ọ́. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bíbọ́ṣọ wá kù. Sọ ohun tí o fẹ́ ṣe fún un látòkèdélẹ̀ kí o tó jáde fún un láti bọ́ṣọ, kí o sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun ló máa pinnu ohun tí òun yóò bọ́ àti ohun tí òun kò ní bọ́. Kan ilẹ̀kùn kí o tó padà wọlé. Ibi tí ọwọ́ rẹ bá wà nìkan ni kí aṣọ ká kúrò, gbogbo ibi yòókù bò. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, má bá a yọ ọ́, má sì tú u. Onílẹ̀kẹ̀ ló mọ ìdí tó fi so ó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun, má fi ojú rẹ̀ bolẹ̀ pẹ́, orí á ro ó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àmàlà yó, kí ó fún un ní bíi wákàtí kan, kí ó sì ti ilé ìtọ̀ dé kí ó tó gun bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin tó bá ní obìnrin nìkan ni kí ó fọwọ́ kan òun, má bi í léèrè ìdí. Ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn láìsí òbí rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ sọ fún oníṣẹ́ pé ó ń dun àwọn. Wọ́n á máa fara dà á, wọ́n á ní "kò burú". Fún wọn ní ọ̀rọ̀ kan kí o tó bẹ̀rẹ̀. Èmi máa ń sọ pé, "Bí ẹ bá ti ní 'ó tó', màá ṣíwọ́ lójú ẹsẹ̀, n kò ní bínú." Kí o sì ṣíwọ́ lóòótọ́.

Ìwọ náà, tọ́jú ara rẹ. Ọkùnrin kan á pè ọ́ lórí fóònù, á máa fi ọ̀rọ̀ lọ́ ọ, á ní irú màsáàjì wo ni. Dá a lóhùn tààrà pé wíwọ́ ara nìkan lo ń ṣe. Bí ó bá tún wí i lẹ́ẹ̀kejì, gé fóònù. Má fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ. Bí wọ́n bá pè ọ́ wá sílé, fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi kí o tó gbéra, kí o sì pè mí nígbà tí o bá jáde. Aago kan òru náà ni, màá gbé e.

Nígbà tí o bá parí, má jẹ́ kí oníbàárà fò dìde, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú méjì, kí o dúró tì í, kí o sì ti nu òróró kúrò nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kàn án.

Ní ọjọ́ Sátidé tí o máa ṣí yàrá rẹ, èmi ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Fi mí jókòó lórí àga, kí o bi mí ní gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí bí ẹni pé a kò mọ ara wa rí. Má jẹ́ kí n torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí yẹ ìkankan sílẹ̀. Tí o bá dé orí oògùn tí mò ń lò láràárọ̀, màá ṣí báàgì mi. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn oníbàárà ni mo fi rí i lára ara mi, láti oṣù kẹjọ èṣí, n kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.